Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sí Ṣakí

Àbúrò, o ní iṣẹ́ ti yọ l'Ékòó, o fẹ́ fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀ nílé, o wá ń béèrè bóyá owó tí wàá máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù á tó wọn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe bíríkìlà ní Ìkòròdú, tí ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wà ní Ṣakí. Ohun tó yẹ kí n ti béèrè ni pé, ọwọ́ ta ni owó náà ń bọ́ sí?

Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń san án sí, torí ìyàwó mi ò ní àkáǹtì nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe olè o. Ṣùgbọ́n tó bá ti sun oko, ó di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin kí owó tó dé ọwọ́ ìyàwó mi. Mo wálé lọ́jọ́ kan, mò ń wá bébà tí n ó fi ṣírò búlọ́ọ̀kù, ni mo bá ṣí ẹ̀yìn ìwé ọmọ mi. Gbèsè ni ìyá rẹ̀ kọ síbẹ̀: kẹ́míìsì, 1,200, ìyá elépo, 800, owó àjọ, 2,000. Ọ̀sẹ̀ tí ibà dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ ni, owó mi sì ti wà ní báńkì látọjọ́ Ajé. Kò mẹ́nu bà á lórí fóònù rí. Ó ní kó má baà dà bí ẹni pé òun ń fẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi sùn.

Oko náà tún ń bẹ. Ebè iṣu tí mo máa ń kọ fúnra mi di iṣẹ́ alágbàṣe, owó tí mo fi ránṣẹ́ náà la fi ń san án. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi tún ju ti aládùúgbò lọ, wọ́n ní ṣebí ọkọ rẹ̀ wà l'Ékòó!

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Èkó pa lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, sáìtì dákẹ́ lọ lọ lọ. Èlùbọ́ ni obìnrin yìí dì sínú àpò, ó fi rán awakọ̀ tó ń kó oúnjẹ wọ Èkó sí mi. Èmi tí mo ní mò ń bọ́ wọn.

Tó o bá máa lọ, kí o tó wọkọ̀, jẹ́ kí ìyàwó rẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ jọ ka owó alágbàṣe mọ́ owó oúnjẹ. Àwọn ará ilé lè fajú ro. Nígbà tí mo yí àkáǹtì padà, ó tó ọdún kan kí ẹ̀gbọ́n mi tó tún pè mí.