Ọmọ Pé Ọdún 18: Ṣé Bàbá Lè Dá Owó Ìtọ́jú Dúró?

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá.

Adìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ìgbéyàwó kóòtù ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe, kóòtù gíga ló sì tú wa ká ní 2017. Adájọ́ ní kí ó máa san ₦40,000 lóṣooṣù fún ìtọ́jú ọmọ méjèèjì, kí ó sì máa san owó ilé-ìwé wọn. Àkọ́bí pé ọdún 18 ní oṣù Kìíní, FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀, ló wà. Láti oṣù Kejì, ₦20,000 péré ni mò ń rí. Ó ní àgbàlagbà kì í gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ bàbá. Ṣé òótọ́ ni? – Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Ìtòkú

Rárá o, ìyá wa. Ọdún 18 tí bàbá wọn gbójú lé, inú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ló ti rí i. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2006, ẹni tí kò tíì pé 18 ló sì ń pè ní ọmọdé. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kọ́ ló tú yín ká. Matrimonial Causes Act ti 1970 ló ń darí bí wọ́n ṣe ń tú ìgbéyàwó kóòtù ká, ọdún 21 sì ni abala 70 rẹ̀ dá. Bí ọmọ kò bá tíì pé 21, adájọ́ lágbára láti pàṣẹ ìtọ́jú rẹ̀. Bó bá ti pé 21, àfi kí adájọ́ rí ìdí pàtàkì kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé ìwé ìdájọ́ yín jáde, kí ẹ wá ibi tó ti sọ ìgbà tí owó yóò dúró. Bí ó bá kọ ọ́ pé "títí wọn yóò fi pé 18", ẹ̀yin lẹ máa padà sí kóòtù láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un síwájú. Bí ó bá kọ "títí wọn yóò fi jáde ilé-ìwé gíga", bàbá wọn ti rú àṣẹ. Bí kò bá dá ọdún kankan, ọmọ 18 ṣì wà lábẹ́ àṣẹ náà. Ẹ tún wo èyí: ₦40,000 ni adájọ́ pè fún ọmọ méjèèjì pọ̀, kò ní ₦20,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò lè dá a pín sí méjì fúnra rẹ̀ kí ó wá yọ ìdajì. Bí oṣù méje bá ti kọjá báyìí, ₦140,000 ló jẹ yín.

Ẹ má gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn torí ọ̀rọ̀ gbèsè lásán, ìyẹn á kàn ná yín lówó ni. Ẹ má sì gba kóòtù májísíréètì tó wà ní Ìṣàbọ̀ lọ, nítorí kóòtù gíga ló pàṣẹ, ibẹ̀ náà lẹ máa padà sí. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí akọ̀wé kóòtù fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí. Fọ́tòkọ́pì lásán ló ń dá ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ẹ lọ sí báńkì, kí wọ́n tẹ gbogbo owó tó wọlé láti oṣù Kìíní fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sí ojú ìwé kan: oṣù, iye tó yẹ kó san, iye tó san, iye tó kù. Ìwé kan ṣoṣo yẹn máa ń yá ẹjọ́ ju ẹkún wákàtí méjì lọ.

Kí lọ́yà kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i, kí ó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá dáhùn, kóòtù lè pè é wá ṣàlàyé ohun tó ń wọlé fún un, wọ́n sì lè pàṣẹ kí báńkì rẹ̀ yọ gbèsè náà fún yín. Ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó ní owó ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ san lè ti ibẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n. Nínú ìwé kan náà, ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún owó náà, torí ₦40,000 ti 2017 àti tòní kì í ṣe ẹgbẹ́. Ohun tí adájọ́ máa wò ni agbára bàbá àti ti ìyá, nítorí náà ẹ mú rìsíìtì owó ilé-ìwé, owó ilé tí ọmọ ń gbé, àti owó ọkọ̀ wá, kí ẹ sì sọ ohun tí ìsọ̀ yín ń mú wọlé láìfi pamọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá kì í rò tẹ́lẹ̀ ni ìṣirò ọdún. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọmọ ń kọ́ ní FUNAAB, ọdún 5 ni. Ẹni tó wọlé ní 18 yóò ti lé ní 21 kó tó jáde, ká má tíì dárúkọ ìyanṣẹ́lódì. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọdún tó kù lọ síwájú adájọ́ kí ọmọ tó pé 21. Pé ó wà nílé-ìwé nìkan kò di dandan kí adájọ́ gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdí pàtàkì, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó tètè dé ń bẹ̀bẹ̀ lórí àṣẹ tó ṣì wà láàyè.

Kóòtù ìbílẹ̀ ló tú èmi àti ìyàwó mi ká. Wọ́n ní kí n máa san ₦15,000 títí ọmọ yóò fi parí ilé-ìwé. Ó ti di àgùnbánirọ̀ báyìí, mo sì ti dá owó dúró. Ìyá rẹ̀ ní òun máa pè mí lẹ́jọ́ fún ọdún méjì tí mi ò san, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni mo fi ń fún un ní owó náà! – Bàbá Àgùnbánirọ̀, Láfẹ́nwá

Ní ti pé ẹ dúró, ẹ ò jẹ̀bi: ọmọ ti parí ilé-ìwé, ibẹ̀ ni àṣẹ sọ pé kí ó dé. Síbẹ̀, ẹ mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ àti lẹ́tà àgùnbánirọ̀ lọ sí kóòtù tó pàṣẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti parí. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ọmọ yóò máa jẹ, ìjọba àpapọ̀ ń fún àgùnbánirọ̀ ní ₦77,000 lóṣooṣù.

Ọdún méjì yẹn ló le. Gbèsè tó ti yẹ kí ẹ san kí ọmọ tó parí kò kú nítorí pé ọmọ ti dàgbà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ti san ni kóòtù máa ní kí ẹ fi hàn án. Ẹ wá àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí ìyá ti ní "mo ti rí i o", ẹ wá ẹni tí ẹ rán. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dára láti fi ọmọ sáàárín ìjà òbí. Ẹ̀yin bàbá tó ṣì ń san, ẹ san án láti ọwọ́ akọ̀wé kóòtù kí ẹ gba rìsíìtì, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì, kí ẹ sì kọ "owó oúnjẹ ọmọ" àti orúkọ oṣù síbi àlàyé.

Ọmọ ọdún 19 ni mí, MAPOLY, ilé-ìwé pólì, ni mo wà. Bàbá mi kò fẹ́ ìyá mi rí. Ó ní òun ò san owó ilé-ìwé mọ́. Ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́? – Akẹ́kọ̀ọ́, Òjeérè

Ọmọ wa, a ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́. Pé wọn kò fẹ́ra wọn kò dín ẹ̀tọ́ rẹ kù, abala 42 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà (Constitution) kò fàyè gba kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí ènìyàn dù ú ní nǹkan. Ọdún rẹ ló dí ọ lọ́nà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé fún ọmọ ní àyè láti béèrè ìtọ́jú ní kóòtù ìdílé, ṣùgbọ́n 18 ló ti dúró, òfin ìgbéyàwó kóòtù kò sì kàn yín. Bí o bá ní àbúrò tí kò tíì pé 18, kí ìyá yín tètè gbé tirẹ̀ lọ.

Ní tìrẹ, ọ̀nà ìpẹ̀tù ló kù. Lọ sọ́dọ̀ àwọn wẹ́fíà ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin ní Òkè-Mosàn, tàbí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin. Wọ́n á ránṣẹ́ pe bàbá rẹ. Bí ó bá gbà, kí wọ́n kọ iye, ọjọ́ tí yóò máa san án àti ìgbà tí yóò parí, kí ó fọwọ́ sí i. Kí ìyẹn tó bọ́ sí i, wo owó-yá NELFUND, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́: kò ní èlé, ilé-ìwé ni wọ́n sì máa ń san owó ilé-ìwé fún tààrà.

Ọmọ mi pé 24, kò lè rìn, kò sì lè dá jẹun. Kóòtù gíga ló tú wa ká. Bàbá rẹ̀ ní ó ti kọjá 21. – Ìyá Àbíyè, Ọbáńtókò

Nítorí irú èyí gan-an ni wọ́n ṣe fi gbólóhùn "ìdí pàtàkì" sínú abala 70 Matrimonial Causes Act. Ẹ gba ìwé dókítà tuntun láti ilé ìwòsàn ìjọba, bíi FMC ní Ìdí-Àbà, kí ó sọ ohun tí ọmọ náà kò lè dá ṣe, pé kò lè ṣiṣẹ́ bọ́ ara rẹ̀, àti bóyá ipò yìí ṣì máa yí padà. "Ó ń ṣàìsàn" nìkan kò tó. Ẹ fi iye tí oògùn, ìtẹ́dìí àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ń ná yín lóṣù kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, pẹ̀lú rìsíìtì oṣù mẹ́ta ó kéré tán.