Àwo Ni Kí Ẹ Fi Yan Ẹ̀rọ, Ẹ Má Fi Áàpù Yàn Án

Mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ẹ ní ẹ ti ń kó àwo DVD àti Blu-ray jọ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ sì ń wá ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí yóò máa ka àwọn àwo náà, tí ẹ ó sì tún lè máa fi wo fíìmù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò mọ èyí tí ẹ ó rà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò mọ bí ẹ ó ṣe tò ó nígbà tí ẹ bá gbé e délé. Mẹ́ta ni mo ti rà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe àṣìṣe lórí méjì àkọ́kọ́, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé kí ẹ fi àwo yan ẹ̀rọ náà, kí ẹ má fi áàpù yàn án.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ kíka àwo wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí lésà rẹ̀ bá ṣì ń tàn, tí mọ́tò rẹ̀ sì ń yí, àwo DVD tí wọ́n tẹ̀ ní 1997 yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lónìí. Áàpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀mí áàpù wà: àwọn tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè sọ pé àwọn kò bá ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe mọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ sì lè sọ pé òun kò ní fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i mọ́, kò sì sí ohun tí ẹni tó fi owó rà á lè ṣe sí i. Ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́ ní bọ́tìnì ńlá kan lórí rìmóòtù rẹ̀ tó ń gbéni lọ tààrà sí áàpù fíìmù kan, bọ́tìnì yẹn gan-an ni mo sì torí rẹ̀ rà á. Kò pé ọdún mẹ́ta tí áàpù ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣí, nígbà tó sì yá, àmì rẹ̀ pòórá lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n fèsì pé ẹ̀rọ náà ti pẹ́ jù. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ṣì ń ka àwo títí di òní. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé: ní oṣù kẹrin ọdún 2015, áàpù YouTube ti àtijọ́ dákẹ́ lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ Blu-ray tí wọ́n ṣe ní 2012 tàbí ṣáájú rẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Netflix náà kúrò lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ méjì bá wà níwájú yín, tí ọ̀kan mọ àwo kà dáadáa ṣùgbọ́n tí áàpù rẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ, tí èkejì sì kún fún áàpù ṣùgbọ́n tí kíka àwo rẹ̀ kò dá yín lójú, èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé. Bí áàpù bá kú lọ́la, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò HDMI (ihò tí àwòrán àti ohùn ń gbà wọlé) lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lè gba iṣẹ́ náà ṣe, ó sì ṣeé pààrọ̀ láìfọwọ́ kan ohun mìíràn. Bí áàpù kan bá wà tí ẹ kò lè ṣe aláìní, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà fún orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ní áàpù níbì kan kí ó má ní in níbòmíràn.

Àṣìṣe mi kejì ló dùn mí jù, nítorí pé mo rò pé mo ti kọ́gbọ́n. Mo rí ẹ̀rọ kan tí wọ́n kọ “4K” gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀, mo sanwó, mo sì ra àwo Ultra HD Blu-ray kan, ìyẹn irú Blu-ray tí àwòrán 4K gan-an wà lórí rẹ̀, mọ́ ọn. Nígbà tí mo ki àwo náà bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ yí i títí, ó sì tì í jáde pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ohun tí “4K” yẹn ń sọ ni pé ó lè mú àwòrán Blu-ray lásán, tí ó jẹ́ píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 ní ìbú àti 1080 ní òòró, kí ó nà án dé 3840 àti 2160 kí ó tó fi ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Nínà àwòrán yàtọ̀ sí kíka àwo. Àwo DVD ń gba gígábáìtì 4.7 lórí ìpele kan, Blu-ray ń gba 25, àwo Ultra HD tó tóbi jù sì ń gba 100 lórí ìpele mẹ́ta tí wọ́n fún pọ̀ ju ti Blu-ray lásán lọ, nítorí náà ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe fún un kò ní kà á, bó ti wù kí ẹ ṣe àtúnṣe sọ́fítíwià rẹ̀ tó. Ohun tí ẹ ní láti wá ni àmì tó kọ Ultra HD Blu-ray, tí orúkọ náà pé pérépéré, lójú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ní àmì yẹn ń ka Blu-ray àti DVD pẹ̀lú.

Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá tíì jẹ́ 4K, ẹ̀rọ Blu-ray lásán ti tó fún àwọn àwo tí ẹ ní. Ṣùgbọ́n bí agbára bá ká a, Ultra HD ni èmi yóò rà, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é ń dínkù: Oppo, tí àwọn olólùfẹ́ àwo kà sí púpọ̀, dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2018, Samsung sì sọ ní 2019 pé òun kò ní gbé tuntun jáde ní Amẹ́ríkà mọ́. Àwòrán rẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Netflix dámọ̀ràn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré tó mẹ́gábíìtì 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún fíìmù 4K, nígbà tí àwo Ultra HD lè tú tó 128 jáde láàárín àáyá kan náà. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ yẹn nínú èéfín, nínú omi tó ń ru, àti nínú òkùnkùn alẹ́, níbi tí àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ti máa ń fọ́ sí igun mẹ́rin kéékèèké.

Ṣáájú kí ẹ tó sanwó, ẹ kó àwọn àwo yín jáde, kí ẹ wo ẹ̀yìn páálí wọn. Lára DVD, ẹ ó rí àwòrán ayé róbótó kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, láti 1 dé 6. Lára Blu-ray, lẹ́tà A, B tàbí C ni. Wọ́n pín ayé sí agbègbè, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún agbègbè kan sì lè kọ àwo ti òmíràn. Àwo mẹ́fà tí ẹnì kan fi ta mí lọ́rẹ láti orílẹ̀-èdè mìíràn ni mo fi mọ èyí; kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Àwo Ultra HD kì í ní ìdènà yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Ultra HD ṣì ń ṣọ́ agbègbè nígbà tí ẹ bá ki DVD tàbí Blu-ray bọ̀ ọ́.

Ní ti títò ó, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ bìkítà fún. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ kẹta dé, èyí tó jẹ́ Ultra HD tòótọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rò pé mo tún ti fi owó mi ra ìyà. Àwòrán yóò hàn, yóò ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, yóò tún hàn. Mo ti dá a padà sínú páálí rẹ̀ láti gbé e lọ fún ẹni tó tà á, kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé wáyà HDMI ti ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ni mo ṣì ń lò. Wáyà tí wọ́n kọ Premium High Speed sí lára ni kí ẹ rà, nítorí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó lè gbé gígábíìtì 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo ṣe pààrọ̀ rẹ̀ báyìí ni ìṣòro náà parí.

Lẹ́yìn wáyà ni ihò tí ẹ ó kì í bọ̀. Ihò HDMI tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kò dọ́gba: ẹ wá èyí tó gba HDCP 2.2, ìlànà ààbò tí àwo Ultra HD ń béèrè kí ó tó jẹ́ kí àwòrán 4K kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ ṣí ihò náà fún àwọ̀ kíkún, nítorí pé títì ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ń bá a wá láti ilé iṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíi Enhanced tàbí Deep Colour sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe é, fíìmù yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ HDR, èyí tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn yàtọ̀ síra dáadáa, kò ní dé ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó sì máa rò pé bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè àtijọ́ tí kò lè gbé 4K kọjá, ẹ wá ẹ̀rọ tó ní ihò HDMI méjì, kí ọ̀kan gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n, kí èkejì gbé ohùn nìkan lọ sí agbóhùnsókè.

Ohun méjì péré ni mo ní láti sọ nípa ohùn. Ẹ fi ìjáde ohùn sí Bitstream, ìyẹn ohùn tí ẹ̀rọ kò tíì tú, kí agbóhùnsókè fúnra rẹ̀ tú u; kí ẹ sì pa ohùn kejì tí wọ́n ń pè ní Secondary Audio tàbí BD Audio Mix, nítorí pé bí ó bá wà ní títàn, Dolby TrueHD àti Atmos, àwọn irú ohùn tó dára gan-an inú àwo, kò ní jáde bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Wáyà optical, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, kò lè gbé TrueHD rárá.

Kí ẹ tó ki àwo kankan bọ̀ ọ́, ẹ so ẹ̀rọ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣe àtúnṣe sọ́fítíwià rẹ̀. Èyí ju ọ̀rọ̀ áàpù lọ. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni wọ́n fi ti àwo Blu-ray, AACS ni wọ́n ń pe ìlànà náà, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn látìgbàdégbà. Ẹ̀rọ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tuntun lè kọ fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ka ti àtijọ́ láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tún ń gbé àtúnṣe náà sórí ìkànnì wọn, kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà kí ó sì fi fìláàṣì USB gbé e wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yọ iná nígbà tí àtúnṣe bá ń lọ lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rọ lè má tàn mọ́ láéláé.

Fún wíwo fíìmù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wáyà bá lè dé ibẹ̀ láti ibi ráútà, wáyà ni kí ẹ lò. Ògiri méjì ló wà láàárín ráútà àti tẹlifíṣọ̀n mi, gbogbo alẹ́ ni fíìmù sì máa ń dúró lójijì nígbà tí mo ń lo Wi-Fi. Láti ìgbà tí mo ti fa wáyà, kò dúró mọ́. Bí Wi-Fi nìkan ló ṣeé ṣe, ẹ gbìyànjú ìgbì 5 GHz bí ráútà bá wà nítòsí, kí ẹ lo 2.4 GHz bí ó bá jìnnà, nítorí pé ìyẹn máa ń la ògiri kọjá dáadáa ju èkejì lọ.

Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín, kí ẹ kọ nọ́ńbà àwòṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà agbègbè tó wà lára àwọn DVD yín. Bí mo bá ti rí méjèèjì, n ó lè sọ ihò tí ẹ ó lò fún yín, àti bóyá Blu-ray lásán ti tó.