Bí A Ṣe Ń Sọ Nọ́ńbà Tí Fóònù Fi Ránṣẹ́ Di Ibi Tí Èèyàn Mọ̀

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ áàpù kan fún iléeṣẹ́ tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ tún ẹ̀rọ ṣe nílé oníbàárà. Bí òṣìṣẹ́ bá ti débẹ̀, á tẹ bọ́tìnì kan, fóònù rẹ̀ á sì fi nọ́ńbà méjì ránṣẹ́ sí wa, ìyẹn látítúùdù àti lọ́ńgítúùdù tó ń tọ́ka sí ibi tó wà láyé. Ọ̀gá mi ní kí ni òun fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe, orúkọ òpópónà àti ìlú lòun fẹ́ máa rí. Mo ti so áàpù náà mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń yí nọ́ńbà padà sí àdírẹ́sì. Nígbà mìíràn, á pe òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé dípò èyí tó wà níwájú; nígbà mìíràn, á mú ìlú wá láìsí òpópónà; ìgbà mìíràn sì wà tí kò ní mú nǹkan kan wá rárá. Ṣé kóòdù mi ló ní àléébù ni, àbí bí nǹkan náà ṣe rí nìyẹn?

Ìdáhùn

Kóòdù yín lè lọ́wọ́ nínú ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ bí nǹkan náà ṣe rí ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Reverse geocoding lorúkọ iṣẹ́ yìí lẹ́nu àwọn tó ń ṣe áàpù. Ibi tí ẹ ti ń bèèrè àdírẹ́sì yẹn kò mọ ibi tí òṣìṣẹ́ yín dúró sí o. Ńṣe ló ń gba nọ́ńbà méjèèjì, tó ń wo máàpù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń wá nǹkan tó lórúkọ tó sì sún mọ́ ibẹ̀ jù, kó tó wá dá orúkọ yẹn padà. Bí Nominatim, ọ̀kan lára àwọn tó ń yí nọ́ńbà padà sí àdírẹ́sì, tó ń lo máàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní OpenStreetMap, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Tí ilé kan bá kọjú sí títì ńlá, tí òṣìṣẹ́ wá dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nà ẹ̀yìn lè sún mọ́ ọn ju títì lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìn náà ló máa pè. Kò purọ́, ìbéèrè tí ẹ bi í ló dáhùn.

Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ tí nọ́ńbà fúnra ẹ̀ bá tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kì í sábà tọ̀nà délẹ̀. Nọ́ńbà méjì kọ́ ni fóònù ní lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ tí ẹ kò gbà: Android ń pè é ní accuracy, iPhone ń pè é ní horizontalAccuracy, mítà ni wọ́n sì fi ń kà á. Tí Android bá ní 40, ohun tó ń sọ ni pé, ká fa ìlà róbótó yí ibẹ̀ ká, kó jẹ́ mítà 40 láti àárín dé etí, ó tó ìdá 68 nínú 100 kí fóònù wà nínú róbótó náà. Ẹ yọ 68 kúrò nínú 100, kẹ́ ẹ wo iye tó kù tó lè wà níta. Lórí iPhone, tí nọ́ńbà yìí bá kéré sí òdo, ibi tó tọ́ka sí kò ṣeé lò rárá, ẹ dà á nù.

Lábẹ́ sánmà gbangba, fóònù òde òní lè mọ ibi tó wà tí kò fi ní ju nǹkan bíi mítà 5 sí i. Bó bá ti wọlé tí kò rí sátẹ́láìtì dáadáa mọ́, Wi-Fi àti òpó tẹlifóònù ló máa gbára lé, àṣìṣe sì lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, ó tiẹ̀ lè ju kìlómítà kan lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yín rèé, inú ilé ni wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnì. Ẹ tún fi ti àṣẹ kún un: láti Android 12 àti iOS 14 (ti iPhone) ni ẹni tó ni fóònù ti lè sọ pé kí áàpù mọ àgbègbè òun nìkan, kó má mọ ojú ibi tí òun wà gan-an. Tó bá yan ìyẹn lórí Android, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 3 níbùú lóòró ni ẹ máa rí gbà. Àdírẹ́sì ilé kì í jáde látinú ìyẹn, bí áàpù yín tilẹ̀ mú ọ̀kan wá.

Nítorí náà, èmi kì í jẹ́ kí orúkọ tí mo máa kọ sójú fóònù ṣe pàtó ju róbótó yẹn lọ. Tí róbótó kò bá ju mítà 20 lọ, mo lè kọ òpópónà, mo sì máa ń fi “nítòsí” ṣáájú ẹ̀. Láti 20 dé nǹkan bíi 200, àdúgbò ni mo máa ń kọ. Láti ibẹ̀ dé kìlómítà mẹ́ta, ìlú. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ ló kù. Èmi ni mo gbé àwọn ààlà yìí kalẹ̀, ẹ lè yí wọn padà bí iṣẹ́ yín bá ṣe rí. Nominatim ti ṣe ètò sílẹ̀ fún un: ẹ lè fi zoom sọ bí ìdáhùn ṣe máa ṣe pàtó tó, 18 fún ilé, 14 fún àdúgbò, 10 fún ìlú, 5 fún ìpínlẹ̀.

Ti ìdáhùn tó ṣófo ńkọ́? Oríṣi méjì ni, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé máàpù kò ní orúkọ fún ibẹ̀. Nínú ìdáhùn Geocoder, ìyẹn ohun tó ń yí nọ́ńbà padà sí àdírẹ́sì lórí Android, òpópónà, àdúgbò, ìlú, èyíkéyìí nínú wọn ló lè jẹ́ null (ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀), nítorí náà ẹ kọ kóòdù yín kó máa sọ̀kalẹ̀: tí kò bá rí òpópónà kó mú àdúgbò, tí kò bá rí àdúgbò kó mú ìlú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí òpópónà kò bá lórúkọ, Plus Code máa ń wúlò gan-an. Ọdún 2014 ni Google gbé e jáde; ìṣirò lásán ló fi ń sọ nọ́ńbà méjèèjì di kóòdù kúkúrú, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, àmì mẹ́wàá sì ń tọ́ka sí ilẹ̀ tó tó mítà 14 ní mítà 14.

Oríṣi kejì ni pé ẹ kò rí ẹni bi. Ó lè jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì já, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ti bèèrè jù. Sáfà ọ̀fẹ́ Nominatim kò gbà ju ìbéèrè kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ní dandan ni kí áàpù yín dárúkọ ara ẹ̀. Apple náà máa ń dá ẹni tó bá bèèrè lemọ́lemọ́ dúró. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí fóònù fi nọ́ńbà nìkan ránṣẹ́, kí sáfà yín wá máa tò wọ́n bèèrè lẹ́yìn náà. Orúkọ tó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé kì í ba nǹkan jẹ́. Nọ́ńbà tó bá sọnù ni kò ṣeé wá rí.

Ẹ tún yẹ nǹkan mẹ́ta wò nínú kóòdù kíákíá. Àkọ́kọ́, èwo ló ṣáájú? Android àti Google Maps ń fi látítúùdù ṣáájú, GeoJSON, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kọ ìsọfúnni máàpù sínú fáìlì, ń fi lọ́ńgítúùdù ṣáájú. 48.8584, 2.2945 ni Ilé Ìṣọ́ Eiffel ní Paris. Ẹ yí i padà, inú Òkun Íńdíà lẹ máa bá ara yín. Èkejì, tí 0, 0 bá wọlé, ojú omi ní Gulf of Guinea nìyẹn, kò sì sí oníbàárà yín kankan níbẹ̀. Ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ wo aago tó wà lára nọ́ńbà náà, nítorí fóònù lè fún yín ní ibi tó wà ní wákàtí méjì sẹ́yìn, pàápàá tó bá jẹ́ getLastKnownLocation lẹ ń lò, ìyẹn àṣẹ Android tó ń mú ibi tí fóònù mọ̀ kẹ́yìn wá.

Gbogbo èyí tán, mo rò pé ọ̀gá yín ń bèèrè ohun tí kò nílò. Àdírẹ́sì oníbàárà ti wà lọ́wọ́ yín kí òṣìṣẹ́ tó gbéra. Ohun tí ọ̀gá fẹ́ mọ̀ ni bóyá òṣìṣẹ́ débẹ̀. Ìyẹn kò kan orúkọ òpópónà rárá. Ìwọ̀n jíjìnnà láàárín nọ́ńbà méjì ni, nọ́ńbà oníbàárà àti nọ́ńbà fóònù, ìṣirò haversine sì máa sọ ọ́ fún yín láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni (6,371 ni ẹ máa fi síbẹ̀, ìyẹn iye kìlómítà láti àárín ayé dé ojú ilẹ̀). Ẹ má kàn yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú èkejì o: dígírì kan ní látítúùdù tó nǹkan bíi kìlómítà 111 níbi gbogbo, àmọ́ ti lọ́ńgítúùdù ń dín kù bí a ṣe ń jìnnà sí agbedeméjì ayé, tí a bá sì dé látítúùdù 60, ìdajì ẹ̀ ló kù. Ẹ wá kọ ọ́ báyìí síwájú ọ̀gá: “mítà 35 sí ilé oníbàárà, àṣìṣe lè tó mítà 20.” Tí àṣìṣe bá ju ìwọ̀n jíjìnnà tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí lọ, kí áàpù sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó jáde síta díẹ̀ kó tún tẹ bọ́tìnì.

Níbo lẹ ti máa rí nọ́ńbà oníbàárà? Ẹ má fa ti gbogbo wọn yọ látinú àdírẹ́sì tí wọ́n tẹ̀, nítorí àṣìṣe inú máàpù yẹn kan náà ló máa tún wọlé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ débẹ̀, tí oníbàárà sì ti buwọ́ lu iṣẹ́, ẹ gba nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà iwájú, pẹ̀lú àyè márùn-ún lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá, tó ti tó mítà kan. Ẹ fi pa mọ́ pẹ̀lú accuracy ẹ̀, kí ẹ sì máa fi èyí tí róbótó ẹ̀ kéré sí i rọ́pò ẹ̀ bó bá ṣe ń wọlé.