Èsì: Ṣé kò sí ewu ní Under G?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá àbúrò yín tó ń bọ̀ ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lè gba yàrá sí Under G, àdúgbò táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbé, láìséwu. Ó lè gbà á. Olè fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ń yọ àwọn ọmọ ibẹ̀ lẹ́nu jù. Ọmọ á sáré lọ kíláàsì, á ṣí fèrèsé sílẹ̀ nítorí ooru. Olè kò ní fọ́wọ́ kan ilẹ̀kùn rárá. Igi gígùn ló máa fi fa báàgì jáde láti ojú fèrèsé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ lọ wo ibẹ̀ lálẹ́. Ṣé iná wà lójú ọ̀nà? Ṣé irin wà lójú fèrèsé? Ẹ bi àwọn tó ń gbébẹ̀, ẹ má bi ajẹ́ǹtì (ajẹ́ǹtì wo ló ń sọ pé ilé òun ò dáa?). Ẹ bi wọ́n bóyá àdúgbò ń dáwó fún ọdẹ lóṣooṣù. Àmọ̀tẹ́kùn ti wà láti 2020 lóòótọ́, àmọ́ ọdẹ àdúgbò ló mọ ojú ẹni tó ń wọlé tó ń jáde.

Kí àbúrò yín fi 615 sórí fóònù ẹ̀, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀kadà òru ló ń bà mí lẹ́rù ní tèmi. Kó máa pe èyí tó bá mọ̀.