Akápò kó lọ sí Ìbàdàn, alága fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀: ṣé ó bófin mu?

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ẹ̀sítéètì kan ní Lokogoma, Àbújá, ni ilé mi wà. Akápò ẹgbẹ́ onílé wa kó lọ sí Ìbàdàn nígbà tí sáà wọn ku oṣù mẹ́sàn-án. Kò pẹ́ sí i, alága kọ ọ́ sórí WhatsApp pé òun ti fi ẹnì kan rọ́pò rẹ̀. A ò ṣèpàdé, a ò dìbò. Ẹni yẹn ló ń gba owó mẹ́gáàdì àti owó epo jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi báyìí. Ṣé alága lágbára bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní àfi ká tú gbogbo ìgbìmọ̀ ká, ká dìbò tuntun. — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ṣé akápò yẹn kọ̀wé fipò sílẹ̀? Pé èèyàn kó lọ sí Ìbàdàn kò sọ pé ó ti fipò sílẹ̀, àyàfi bí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín bá ní ẹni tí kò gbé inú ẹ̀sítéètì mọ́ ò lè wà nípò. Bí ilé rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀ tí kò sì kọ ìwé kankan, ipò náà lè má tíì ṣófo rárá. Ẹ pè é, kó kọ lẹ́tà ìfipòsílẹ̀ onílà méjì, kó fi ọjọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i.

Ó wá ku ìwé òfin yẹn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: alága àná ló kó o lọ, tàbí kó wà nínú kọ̀ǹpútà kan tó ti bàjẹ́. Bí ẹgbẹ́ yín bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ sanwó, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Òfin CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ní abala 827, pa á láṣẹ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ bí ẹgbẹ́ á ṣe máa ṣèpàdé, iye àwọn tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ alákòóso, bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n, àti bí wọ́n ṣe máa ná owó tí ẹgbẹ́ bá dá jọ. Bí a ṣe ń rọ́pò akápò gan-an, ìwé tiyín ni yóò sọ ọ́.

Nínú àwọn tí mo ti kà, àwọn kan gba ìgbìmọ̀ láyè láti fi adelé síbẹ̀ títí di ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ ni mo wí o: kí wọ́n jókòó, kí wọ́n pé iye tí ìwé òfin ní, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe kí alága dá a tẹ̀ lórí fóònù lóru. Àwọn ìwé mìíràn ní àfi ìdìbò. Bí tiyín ò bá sọ nǹkan kan, ọwọ́ tó yan akápò náà ni yóò yan àrọ́pò rẹ̀, ìyẹn ìpàdé gbogbogbò. Bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí ló ṣẹlẹ̀, mi ò rí ibi tí alága ti mú agbára yẹn wá.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ní kí ẹ tú ìgbìmọ̀ ká ń sáré jù. Sáà àwọn yòókù ò tíì pé. Àlàfo kan ṣoṣo ló ṣí. Ẹ dí i, kí ẹni tí ẹ bá yàn lo èyí tó kù nínú sáà náà.

Ọjọ́ ìdìbò gan-an ni wàhálà wà. Mo wà níbi ọ̀kan ní Gwarinpa. Ilé 120 ni wọ́n, ìwé wọn sì ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn 40, gbọ́dọ̀ pé kí ìdìbò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ènìyàn 43 ló jókòó nígbà àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí owó transformer fún wákàtí méjì. Kó tó kan ìdìbò, òjò ti ṣú, bọ́ọ̀lù sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn 26 ló kù láti nawọ́, àga ṣíṣófo ló pọ̀ jù. Ẹni tó fìdí rẹmi kàn ka orí, ó gbé ìwé òfin sókè, ni wọ́n bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, kí wọ́n tó jiyàn. Kí lẹ́tà ìpè náà sì dárúkọ ìdìbò akápò ní gbangba; “ọ̀rọ̀ mìíràn” lásán ò tó.

Ẹ to orúkọ àwọn olùdìbò ṣáájú. Nínú àwọn ẹ̀sítéètì Lokogoma, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìwé tí dẹ́fẹ́lọ́pà, ìyẹn ẹni tó kọ́lé tà fún wọn, kọ nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sí C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, lórúkọ wọn. Bí ìwé yín bá kàn kọ “onílé”, ẹnì kan lè fi ìyẹn lé aládùúgbò rẹ̀ kúrò lórí ìlà. Ẹ yanjú rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé: irú ìwé wo lẹ máa gbà, ṣé ilé kan, ibò kan ni, ṣé ayálégbé ń dìbò, ẹni tó jẹ gbèsè owó oṣù ńkọ́? Kí ẹ lẹ orúkọ náà mọ́ géètì.

Ẹ má da akápò pọ̀ mọ́ àwọn trustee, ìyẹn àwọn tí ohun ìní ẹgbẹ́ wà ní ìkáwọ́ wọn, tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ CAC. Abala 839 òfin CAMA gba ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti bẹ ilé ẹjọ́ pé kó dá àwọn trustee dúró. Àdá ńlá nìyẹn, ẹ má fi gé ewédú.

Tó bá jẹ́ èmi ni, nọ́ńbà àkáǹtì tí owó mẹ́gáàdì ń wọ̀ ni màá kọ́kọ́ béèrè lọ́la. Báǹkì kì í sábà pààrọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ẹgbẹ́ láìrí àkọsílẹ̀ ìpàdé tó yàn án, ẹ̀yin ò sì ṣèpàdé. Bó bá jẹ́ àkáǹtì ara ẹni tí alága fi síbẹ̀ yẹn ni, ẹ má san sí i mọ́. Ẹ san tiyín sí ti ẹgbẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì kọ̀wé sí akọ̀wé pé kó pe ìpàdé.