Bí a ṣe lè ya bọ́tìnnì páàdì sọ́tọ̀ kúrò lára kóòdù tí awakọ̀ fi ń darí rọ́bọ́ọ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Akúrẹ́, èmi ni mo sì ń bójú tó ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọ wa. Ètò FIRST Tech Challenge, ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, la ń lò, páàdì méjì (ohun ìdarí alábọ́tìnnì tí a ń fọwọ́ mú) la fi ń darí rọ́bọ́ọ̀tì náà, AI ló sì bá wa kọ púpọ̀ nínú kóòdù Java rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ tó ń darí apá rọ́bọ́ọ̀tì báyìí, bọ́tìnnì tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ń lò kò sì bá a lára mu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bọ́tìnnì kan lórí páàdì tòkunbọ̀ tí a rà nítòsí Ọjà Ọba kì í jẹ́ mọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Nígbàkígbà tí a bá pààrọ̀ bọ́tìnnì kan, nǹkan mìíràn a bàjẹ́. Báwo ni kí a ṣe ní kí AI kọ kóòdù yìí tí pípààrọ̀ bọ́tìnnì kò fi ní da gbogbo rẹ̀ rú?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ohun tó ń fa wàhálà yín ni pé orúkọ bọ́tìnnì ti fọ́n ká inú gbogbo kóòdù náà. Ẹ ó bá gamepad2.right_bumper, ìyẹn bọ́tìnnì èjìká ọ̀tún lórí páàdì kejì, níbi tí apá ti ń gòkè, ẹ ó tún bá a níbi tí apá ti ń dúró bó bá dé òkè tán, ó sì ṣeé ṣe kó tún wà níbi tí rọ́bọ́ọ̀tì ti ń dín eré kù nítorí pé apá rẹ̀ wà lókè. Bí ẹ bá pààrọ̀ méjì tí ẹ sì gbàgbé ẹ̀kẹta, bọ́tìnnì àtijọ́ yóò ṣì máa pàṣẹ níbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí.

Kóòdù tó ń darí apá kò gbọdọ̀ mọ bọ́tìnnì kankan. Iṣẹ́ nìkan ni kó mọ̀: gbé apá, sọ apá kalẹ̀, di nǹkan mú, tú u sílẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ àti bọ́tìnnì ti gbọ́dọ̀ pàdé, ìlà kan fún iṣẹ́ kan, báyìí:

BooleanSupplier gbeApa = () -> gamepad2.right_bumper;

Ó wù mí kí àwọn ọmọ máa fi Yorùbá sọ iṣẹ́ wọn lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ àmì ohùn kúrò, nítorí pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà alámì kan náà. Ojú wa kò ní rí ìyàtọ̀, Java yóò sì kà wọ́n sí orúkọ méjì.

Nígbà tí ẹ bá ń bá AI sọ̀rọ̀, ẹ to orúkọ iṣẹ́ gbogbo fún un, ẹ ní kó kọ fáìlì bọ́tìnnì lọ́tọ̀, ẹ sì kà á léèwọ̀ pé kó dárúkọ gamepad1 tàbí gamepad2 níbòmíràn, àyàfi ní ìlà kan tí OpMode, ìyẹn ètò kóòdù tí rọ́bọ́ọ̀tì ń tẹ̀ lé, fi ń fa páàdì méjèèjì lé fáìlì náà lọ́wọ́. Bó bá kọ ọ́ tán, ẹ wá ọ̀rọ̀ gamepad nínú àwọn fáìlì yòókù. Bí ẹ bá rí i, ẹ dá iṣẹ́ náà padà fún un.

Àṣìṣe kan wà tí kì í tètè hàn. AI lè kọ boolean gbeApa = gamepad2.right_bumper; sí ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ó jọ ìlà tí mo kọ sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni èyí wo bọ́tìnnì náà, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Apá kò sì ní gòkè láéláé. BooleanSupplier ní tirẹ̀ a máa lọ wo bọ́tìnnì ní gbogbo ìgbà tí a bá bi í.

Ọ̀rọ̀ dídi nǹkan mú àti títú u sílẹ̀ gba sùúrù, pàápàá bí bọ́tìnnì kan náà bá ń ṣe méjèèjì. OpMode a máa yípo lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè di títẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà lójú kóòdù, kí ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì máa ṣí, kó máa pa dé. Ẹ jẹ́ kí kóòdù rántí bí ó ti rí ní yíyípo tó kọjá, kó sì ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí wọn kò tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́. Ìrántí yìí, ọ̀dọ̀ iṣẹ́ ni kó wà, kó má ṣe wà lọ́dọ̀ bọ́tìnnì, kó lè bá iṣẹ́ lọ sí bọ́tìnnì tuntun.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ left_trigger dípò right_bumper, ẹ rántí pé nọ́ńbà láti 0 dé 1 ni trigger (bọ́tìnnì tí a ń fi ìka fà) ń mú wá, nítorí náà ẹ kọ gamepad2.left_trigger > 0.5 sínú ìlà iṣẹ́ náà. Bákan náà, left_stick_y, ìyẹn ọ̀pá kékeré apá òsì páàdì, a máa mú -1 wá nígbà tí a bá tì í síwájú. Inú fáìlì bọ́tìnnì ni kí ẹ ti yí àmì rẹ̀ padà, kí kóòdù táyà má bàa mọ̀ rárá pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ ṣọ́ra fún A àti B. Start pẹ̀lú A ni a fi ń sọ páàdì di ti awakọ̀ kìíní, Start pẹ̀lú B sì ni ti ìkejì. Bí iṣẹ́ kan bá wà lórí B, rọ́bọ́ọ̀tì lè ṣe é nígbà tí awakọ̀ kàn ń gba páàdì rẹ̀. Ẹ fi && !gamepad2.start kún ìlà náà. Lórí páàdì PlayStation, cross ni a, circle sì ni b. Bí iṣẹ́ kan bá wà lórí cross tí òmíràn sì wà lórí a, bọ́tìnnì kan náà ni ẹ fún méjèèjì.

Fún awakọ̀ méjì, ẹ kọ fáìlì bọ́tìnnì méjì tí orúkọ iṣẹ́ inú wọn bára mu, kí ẹ sì yan ti ẹni tó fẹ́ wakọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 péré ni awakọ̀ ní lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30 tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń dá ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kí ọmọdé lo èyíkéyìí nínú rẹ̀ láti máa wá bọ́tìnnì kiri.

Lẹ́yìn pípààrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé rọ́bọ́ọ̀tì lé orí nǹkan tí táyà rẹ̀ kò fi ní kan ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ apá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí telemetry, ìyẹn ìsọfúnni tí rọ́bọ́ọ̀tì ń fi ránṣẹ́, máa kọ orúkọ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ sójú Driver Station, ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ awakọ̀. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá tẹ gbogbo bọ́tìnnì níkọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí ẹ kò fún níṣẹ́, kí ẹ̀yin sì máa wò ó bóyá iṣẹ́ tí kò pè ń jẹ́ ẹ.