Ṣé máàkì Hofstede ṣeé lò fún Nàìjíríà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Másítà ni mò ń ṣe, lórí bí kọ́ńpìnnì òkèèrè ṣe ń darí òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́kíṣọ́rà mi ní kí n lo máàkì Hofstede, ìyẹn máàkì tí olùwádìí ará Netherlands, Geert Hofstede, fi ń wọn àṣà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ṣé ó ṣì dáa?

Ìdáhùn: Ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ ṣọ́ra gan-an. Òṣìṣẹ́ IBM, kọ́ńpìnnì kọ̀ǹpútà, nìkan ni wọ́n bi léèrè, láàrin 1967 sí 1973, kò kan ìyálọ́jà kò kan mẹkáníìkì, wọ́n wá kó Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone pọ̀, máàkì kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Ó máa ń dùn mí, torí àwọn olùwádìí ṣì ń kọ ọ́ bíi pé tiwa nìkan ni. Ẹ kọ ìyẹn sínú iṣẹ́ yín gbangba, kẹ́ ẹ sì lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn lẹ́nu wò.